Kí Ni A Ó Fi Pa Pákó Lára?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìbà, lórí ilẹ̀ pákó, tábìlì ilé ìdáná àti pákó ọkọ̀)

  Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìkìrun wá, àti ẹ̀yin tí ẹ wọkọ̀ láti Ìnísà àti Òkukù, a mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi yín ni ẹ fi sílẹ̀ tí ẹ fi wá sí Ìbà.

Wọ́n ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a máa ń fi pa pákó lára: fáníìṣì, pólíìṣì, òróró àti ọ̀dà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí akọ̀wé ka àkọlé yìí. Wọ́n bèèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ owó oṣù ti tán ni? Kò tán, ẹ ó sì gbọ́ tirẹ̀ kí a tó túká. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò ní pákó nílé, bí ó ṣe ilẹ̀kùn, bí ó ṣe tábìlì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àwọn nǹkan wọ̀nyí lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́: ẹni tí ń fọ́n ọ̀dà, ẹni tí ń kan àga, ẹni tí ń kan bọ́dì ọkọ̀, ẹni tí ń ru agolo tínà láti Èkó wá sí Òṣogbo. A ń lò wọ́n, a kì í bèèrè ohun tí ó wà nínú wọn. Àwa tí a sọ̀rọ̀ yìí, káfíńtà ni àwọn kan nínú wa, afọ́nọ̀dà ni àwọn kan, àwọn yòókù sì ń wa ọkọ̀.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọ̀kan nínú wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo jogún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ìlú yìí pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Ilé alámọ̀ ni, irú èyí tí àwọn bàbá wa kọ́ nígbà tí owó kòkó dé. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀: ògiri nípọn, páànù wà lókè, àtẹ̀gùn jẹ́ pákó, ilẹ̀ yàrá òkè sì jẹ́ pákó tí a tò lórí ìtì igi. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Òṣogbo ní 1907, tí ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, ni páànù, ìṣó àti agolo ọ̀dà ti rọrùn láti kó dé ọ̀dọ̀ wa. Igi ní tirẹ̀, inú igbó wa ni wọ́n ti là á. Ìrókò ni ó pọ̀ jù nínú pákó ilé náà, apá ni ìyókù. Ikán kò rí wọn gbé ṣe láti ìgbà náà títí di òní.

Ṣùgbọ́n ojú wọn kò ṣe é wò mọ́. Ọ̀dà pupa wà nísàlẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ eérú wà lórí rẹ̀, fáníìṣì dúdú kan sì wà lórí gbogbo rẹ̀ tí ó ń ṣí bí èèpo ara igi. Àbúrò kan ní kí wọ́n yọ pákó kúrò, kí wọ́n da kọnkéré sí i. Ògiri alámọ̀ kò lè gbé kọnkéré, ìyẹn kò gba àríyànjiyàn. Èkejì ní kí wọ́n tẹ́ rọ́bà bò ó. A mọ ibi tí irú rẹ̀ ń já sí, omi ìgbálẹ̀ á wọ abẹ́ rọ́bà, kò ní rí ibi jáde, pákó á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Káfíńtà tí wọ́n pè ní òun ó gbé iná wá, òun ó jó gbogbo ọ̀dà náà kúrò láàárín ọjọ́ kan. Àárọ̀ ọjọ́ tí iná náà fẹ́ dé ni arákùnrin wa wá bá wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú ilé náà pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́jọ tí ń rákò lórí ilẹ̀ yẹn gan-an. A ní kí wọ́n dúró ná.

Òjé ni ó mú wa sọ bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́ òjé ni wọ́n máa ń fi po ọ̀dà kí ó lè funfun, kí ó lè tètè gbẹ, kí àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè má baà ṣá. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀dà náà bá dúró gírígírí lára igi, tí kò ṣí, tí kò bó, òjé náà jókòó sí ibi tí ó wà. Ẹ lè fi ọ̀dà tuntun bò ó kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iná jó o, á di èéfín. Bí a bá fi sáǹdípépà gbígbẹ ha á, á di lẹ́búlẹ́bú tí ojú kò rí, á bà sórí ẹní, á bà sórí àwo oúnjẹ. Ọmọ tí ń rákò á fi ọwọ́ gbá a, á sì fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a lè sọ pé kò léwu. Ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ọmọ náà kò sì ní sunkún pé nǹkan ń ṣe òun. Ilé ìwé ni wọn ó ti máa nà án pé kò gbọ́n. Nígbà tí òjé bá pọ̀ jù, ó ń pani. Ẹ̀yin náà gbọ́ nípa Zamfara ní 2010, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé wọn, tí òjé inú òkúta náà sì pa ọmọdé tí ó tó 400.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1921, ní Geneva, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tí a mọ̀ sí ILO ṣe àdéhùn rẹ̀ kẹtàlá, orí òjé funfun nínú ọ̀dà ni ó sì dá lé. Àdéhùn náà ní kí a má ṣe fi ọ̀dà olójé kun inú ilé mọ́, àfi ní ibi díẹ̀ tí òfin bá yọ sílẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 18 àti obìnrin kankan kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀dà ilé iṣẹ́ tí òjé funfun wà nínú rẹ̀. Ó ti lé ní 100 ọdún tí wọ́n ti kọ èyí sílẹ̀. Síbẹ̀ 1978 ni Amẹ́ríkà tó fi òfin dé òjé nínú ọ̀dà ilé, ó di 1992 kí Ìlú Ọba tó fòpin sí títà rẹ̀ fún aráàlú. Níbí ńkọ́? Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 lórí ọ̀dà ilé tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà fi hàn pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ni òjé inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń dámọ̀ràn báyìí ni 90 nínú mílíọ̀nù kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ilé bàbá wa nìkan ni kí a fura sí. Bí ẹ bá ń ra ọ̀dà, pàápàá èyí tí ó pupa fòò tàbí tí ó ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ wo ara agolo bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní òjé. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ bi ẹni tí ń tà á.

Bí a ti ṣe ti ilé náà nìyí. A kó ìyá àti ọmọ lọ sí ìdílé mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì. A kó ẹrù jáde, a tẹ́ ọ̀rá sí ẹnu ọ̀nà, a ṣí fèrèsé. A fi omi rin ilẹ̀, a fi irin pẹlẹbẹ ha ohun tí ó ti ṣí, lẹ́yìn náà a fi sáǹdípépà olómi ha ìyókù, kò sí ìgbà kan tí a jẹ́ kí ó gbẹ lábẹ́ ọwọ́ wa. Ohun tí a ha a kó sínú àpò, a dì í. A kò sun ún, a kò sì dà á sódò. A kò jẹun nínú yàrá náà. Aṣọ iṣẹ́ wa, lọ́tọ̀ ni a fọ̀ ọ́. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́rin dípò ọjọ́ kan tí oníná ṣèlérí. Nígbà tí a nu ilẹ̀ náà tán pẹ̀lú omi ọṣẹ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó sì gbẹ, àwọ̀ ìrókò jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á. Àbúrò tí ó ní kí a da kọnkéré, òun ni ó kọ́kọ́ bọ́ bàtà.

Ìgbà yẹn ni ìbéèrè tí ó kó wa jọ sí ibí yìí wá jáde: kí ni a ó wá fi pa á lára? Oníkálukú ní tirẹ̀. Àwa sọ pé, kí a tó bèèrè èwo ni ó dán jù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí yóò máa kan pákó náà lójoojúmọ́, àti ẹni tí yóò fa èéfín rẹ̀ símú nígbà tí a bá ń kùn ún. Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí ti yan tirẹ̀ tán.

Ọ̀nà méjì péré ni gbogbo ohun tí ó wà lọ́jà pín sí. Àwọn kan máa ń wọ inú igi lọ, bí òróró àti ìda. Àwọn kan máa ń dúró lórí igi bí awọ, bí pólíìṣì, lákà àti fáníìṣì. Èyí tí ó wọ inú kì í ṣí, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ gbẹ́kẹ̀lé lọ́wọ́ omi. Èyí tí ó dúró lórí ń lé omi, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ tàbí òkúta bá ti lè ya á, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú pólíìṣì àwọn káfíńtà, èyí tí wọ́n ń fi àkísà pa sí ara àga títí tí ó fi ń dán bí dígí. Ara kòkòrò kan ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ń rí ṣẹ́láàkì rẹ̀, sípírítì ni wọ́n sì fi ń yọ́ ọ. Kò léwu nígbà tí ó bá gbẹ tán. Òun náà ni wọ́n fi ń bo oògùn oníhóró kan àti súìtì kan tí àwọn ọmọ ń lá. Ṣùgbọ́n ohun tí sípírítì yọ́, sípírítì á tún yọ́ ọ. Bí ògógóró bá dà sí i, àpá á kù síbẹ̀. Bí a bá gbé ìkòkò gbígbóná lé e, á di funfun róbótó. Àga pálọ̀ ni kí ẹ fi í sí. Kì í ṣe ohun ilẹ̀, kì í ṣe ohun ilé ìdáná. Lákà tí wọ́n ń fọ́n náà ń tètè gbẹ, ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ àga fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gan lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ àga á fọ́ ọ.

Ẹnìkan bèèrè pé kí ni kò jẹ́ kí a lo epo tiwa, epo pupa, àdín tàbí òrí. Ìbéèrè rere ni. Òróró tí a fi ń pa igi ní láti jẹ́ èyí tí ń gbẹ, tí ń dì bí awọ fúnra rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Òróró linseed ń ṣe bẹ́ẹ̀. Epo pupa kò jẹ́ gbẹ láéláé, àdín àti òrí bákan náà. Wọn á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, wọn á gba eruku, wọn á máa kan bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Oúnjẹ ni kí a fi wọ́n ṣe, kí a fi wọ́n para.

Òróró linseed dára, ó ń gbé àwọ̀ igi yọ, ibi tí ó bá sì gbó kò ní kí a ha gbogbo ilẹ̀ kí a tó tún un pa. Àmọ́ ìkìlọ̀ kan wà lórí rẹ̀ tí a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ dáadáa, àti ẹni tí ó ti ń sùn lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Àkísà tí a fi pa á, bí a bá ká a jọ tí a sọ ọ́ sí kọ̀rọ̀, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ṣáná sí i. Gbígbẹ tí ó ń gbẹ ni ó ń mú ooru jáde, bí àkísà bá wà ní òkìtì, ooru náà kò rí ibi lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1991, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún pákó ara ògiri ṣe ní ilé gíga kan tí wọ́n ń pè ní One Meridian Plaza fi àkísà olóròóró linseed sílẹ̀ ní àjà 22. Iná sọ lálẹ́. Ó ń jó lọ sókè títí ó fi dé àjà 30, níbi tí ẹ̀rọ tí ń fọ́n omi fúnra rẹ̀ wà. Àwọn panápaná mẹ́ta kú sínú rẹ̀. Nítorí àkísà! Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ sá àkísà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan síta lórí okùn tàbí lórí òkúta títí yóò fi le gbagidi, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo onídèérí. Awakọ̀ tí ó ń fi àkísà sábẹ́ ìjókòó, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́.

Fún ilẹ̀ tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀, fáníìṣì tí a ń pè ní polyurethane ni a dámọ̀ràn fún ilé náà, èyí tí ó wà nínú agolo kan ṣoṣo tí a ń fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kùn. Ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ dáadáa lórí ṣẹ́láàkì àtijọ́ tí ìda bá wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹ dán an wò: ẹ fi òwú bọ sípírítì, ẹ fi í lélẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan. Bí ojú rẹ̀ bá ń lẹ̀, ṣẹ́láàkì ni, ẹ ha á kúrò. Bí sípírítì kò bá ṣe é nǹkan kan ṣùgbọ́n tí tínà yọ́ ọ, lákà ni. Bí kò bá dá èyíkéyìí lóhùn, fáníìṣì gidi ni.

Yàrá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó fẹ̀ ní 10, á gba bíi lítà kan fún ẹ̀ẹ̀kan kíkùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí a kùn ún, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kí a fi ọjọ́ kan sáàárín, kí a sì fi sáǹdípépà kíkúnná ra á díẹ̀ kí a tó tún un kùn. Agolo lítà mẹ́rin kan tó, á sì tún kù fún àtẹ̀gùn. Ẹni tí ó bá ní òun ó kùn ún lẹ́ẹ̀kan kí ó nípọn, á rí i bí yóò ṣe hunjọ. Kí ẹ má sì kùn ún nígbà tí òjò bá ń sú. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á jẹ́ kí ojú rẹ̀ ràn bí ìkuukùu. Ọyẹ́ dára fún gbígbẹ, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ á bà lé e bí ó bá ṣì tutù. Àwa dúró de àárọ̀ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ púpọ̀, a bu omi wọ́n àgbàlá kí a tó bẹ̀rẹ̀. Pákó ń sún kì nígbà ọyẹ́, ó sì ń wú nígbà òjò; kò sí fáníìṣì tí yóò fòpin sí ìyẹn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi símẹ́ńtì dí àárín pákó.

Ó ku tábìlì ilé ìdáná, ibi tí àwọn ìyàwó wa ti mọ̀ jù wá lọ. Ìyàwó ọ̀kan nínú wa ní tábìlì kan tí a kàn fún un pẹ̀lú pákó àfàrà, tí a sì fi fáníìṣì kùn dáadáa. Kò pé ọdún kan tí ọ̀bẹ ewébẹ̀ fi ya fáníìṣì náà, omi wọlé, ilà dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, fáníìṣì sì ń ṣí wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀fọ́. Ó ní kí a wá wò ó. A ń wò ó ni ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò: "Ta ni ó pa odó mi ní fáníìṣì?" Gbogbo wa dákẹ́. Òótọ́ ni màmá sọ. Odó, ọmọ odó, ọpọ́n, kò sí èyí tí a pa ní ohunkóhun, wọ́n sì ń lò wọ́n láti ìran dé ìran. Wọ́n ń fọ̀ wọ́n, wọ́n ń sá wọn sóòrùn, ó parí.

Ohun tí a ṣe nìyẹn. Ibi tí ọ̀bẹ ń kàn, a ha á dé ara igi, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó ní ìdáàbòbò díẹ̀, kí ó lọ ra òróró liquid paraffin ní ilé oògùn, èyí tí wọ́n ń lò fún ìyàgbẹ́ líle (kì í ṣe epo àtùpà o!), kí ó yọ́ ìda oyin díẹ̀ sí i, kí ó fi pa á lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìda oyin ń yọ́ kí omi tó hó, nítorí náà ìkòkò tí ó ti orí iná kúrò kò gbọdọ̀ gúnlẹ̀ lé e. Fún ẹ̀gbẹ́ kejì tí wọ́n ń gbé ìkòkò àti àwo lé, a lẹ fọ́máíkà mọ́ ọn. Láti nǹkan bí 1913 ni Formica ti wà ní Amẹ́ríkà, bébà àti gọ́ọ̀mù tí a tẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ooru ni. Ó ń lé omi, ó rọrùn láti nù, àmọ́ etí rẹ̀ ni ikú rẹ̀. Bí omi bá gba etí wọlé, pákó abẹ́ rẹ̀ á wú. Ẹ dí etí rẹ̀ dáadáa, ẹ sì ṣí fèrèsé nígbà tí ẹ bá ń lo gúlù rẹ̀. Àwọn tí ó ní owó díẹ̀ sí i ń ṣe tẹ̀rásò. Ó lágbára, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ mábù ni ó wà nínú rẹ̀, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì, ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátò sì ń jẹ mábù. Kí a má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lórí rẹ̀ mọ́jú.

Ẹ̀yin awakọ̀, ó kàn yín. A mọ̀ pé kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni ẹ ń fi pa pákó ilẹ̀ ọkọ̀ yín, epo ẹ́ńjìnnì tí a ti lò tẹ́lẹ̀, nítorí ikán àti nítorí òjò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí ọkọ̀ bá jẹ́ ti iyanrìn àti bíríkì, a kò ní í jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni ó ń kó gààrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ láti ọjà wa lọ sí Èkó, àpò sì ń mu epo. Èérí iná ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú kọ́ńdẹ́ẹ̀mù wà lára ohun tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó ń fi ọwọ́ lásán pa á, tí ó sì ń sùn lórí pákó náà lóru, òun ni ó ń jẹ ẹ́ jù. Solignum náà, igi òrùlé ni a ṣe é fún, kì í ṣe ibi tí oúnjẹ yóò kàn. Bí pákó ọkọ̀ bá jẹ́ apá tàbí ìrókò, ẹ fi inú rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, ẹ máa gbá a, ẹ máa jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ fi òróró linseed pa abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi kọ́ńdẹ́ẹ̀mù pa tirẹ̀, kí ó tẹ́ tápólì tí ó mọ́ sí i kí ó tó kó oúnjẹ.

Ó ku ti ibi iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ó dùn wá jù. Ọ̀kan nínú wa ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní ibi kan tí a kò ní dárúkọ. Fáníìṣì alágolo méjì ni wọ́n ń fọ́n níbẹ̀, èyí tí a ń po agolo kan mọ́ èkejì kí ó tó le, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì kí eruku má baà wọlé. Aṣọ ni wọ́n fún un pé kí ó fi dí imú. Nínú agolo kejì yẹn ni nǹkan tí a ń pè ní isocyanate wà. Aṣọ kò lè dá a dúró, ìbòmú eruku kò lè dá a dúró; ìbòmú tí a fi rọ́bà fa afẹ́fẹ́ mímọ́ wá láti ìta ni ó yẹ ẹni tí ń fọ́n ọn. Ní ọdún kẹrin àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lálẹ́. Dókítà ní ikọ́ fée ni. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ isocyanate, díẹ̀ tí kò tó nǹkan á tún máa gbé ikọ́ náà dìde, kò sì sí bí yóò ṣe tún padà sí iṣẹ́ náà. Arákùnrin yìí wà níbí lónìí, ó ní kí a sọ ọ́, kí a má fi orúkọ òun sí i.

Lẹ́búlẹ́bú pákó náà kì í ṣe ohun eré. Láti 1995 ni IARC, àjọ tí ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kà á mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ ènìyàn, ti ìrókò sì tún ń fa ikọ́ àti ara yíyún. Ní ti tínà, àdéhùn ILO ti 1971 lórí benzene wà, nítorí náà kí a jáwọ́ nínú fífi tínà fọ ọwọ́ bí ẹni ń fọ ọwọ́ jẹun.

Òfin ilé iṣẹ́ wa, Factories Act ti 1987, sọ pé agbaniṣíṣẹ́ ní láti ṣe ọ̀nà tí èéfín àti eruku tí ń pani lára yóò fi jáde. Ti 2010, Employees' Compensation Act, ka àrùn tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí a ń san owó lé lórí. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ní láti fi tó agbaniṣíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, agbaniṣíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Arákùnrin wa kò mọ èyí nígbà náà. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì lọ sílé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fi ẹ̀dà kan fún akọ̀wé ẹ̀ka kí ẹ tó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn ni pé ṣé ìyá àti ọmọ ti padà sí ilé náà. Wọ́n ti padà. Ọ̀sẹ̀ kan ni a jẹ́ kí fáníìṣì le lẹ́yìn kíkùn ìkẹta, kí a tó tẹ́ ẹní sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wò ó kí ó tó yan tirẹ̀, onílé ní kí ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn ìpàdé, ṣùgbọ́n kí ẹ bọ́ bàtà nísàlẹ̀ kí ẹ tó gun òkè.